Yanrìn Kermit: ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún

Àwọn ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ tírélà ní Houston kì í jẹ́ kí fóònù mi sinmi. "Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ yanrìn Odessa yẹn ńkọ́? Ṣé owó wà níbẹ̀?" Owó wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti yanrìn fúnra rẹ̀, ìyẹn èyí tí wọ́n ń wà ní Kermit, nítòsí Odessa ní ìwọ̀ oòrùn Texas, fún kànga epo, torí ọjà ni, èmi tí mò ń gbé e kiri sì mọ bó ṣe rí.

Wọ́n á gbẹ́ kànga epo wọ inú àpáta, wọ́n á fi ẹ̀rọ ti omi wọlé tipátipá títí àpáta á fi sán. Yanrìn tó bá omi wọlé ló máa ń dúró sí ojú ibi tó sán, tí kò ní jẹ́ kó padé mọ́, kí epo lè rí ọ̀nà jáde. Frac ni gbogbo wa ń pè é níbí.

Kó tó di 2017, ojúlówó yanrìn Wisconsin ni wọ́n ń lò jù, ọkọ̀ ojú irin ló ń gbé e wá láti ibi tó ju 1,000 máìlì lọ. Ó funfun, ó rí roboto, ó sì le gan-an. Ká ní ẹwà àti agbára nìkan là ń wò, òun ni n bá fún ní ìràwọ̀ márùn-ún. Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ rẹ̀ máa ń ju owó yanrìn lọ. July 2017 ni wọ́n ṣí ibi ìwayanrìn àkọ́kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kermit, ní Winkler County, nínú òkìtì yanrìn tí afẹ́fẹ́ kó jọ síbẹ̀. Ti Kermit pọ́n díẹ̀, igun wà lára rẹ̀, ó sì máa ń tètè rún lábẹ́ ìwúwo ilẹ̀. Àwọn oníkànga mọ̀, wọ́n sì rà á bẹ́ẹ̀, torí pé ó wà nítòsí. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀, iye ojú asẹ́ tí wọ́n fi kù ú ni wọ́n fi ń pè wọ́n: 40/70, tó dà bí gaàrí Ìjẹ̀bú tí wọ́n kù dáadáa, àti 100 mesh tó kúnná jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Omi ni mo tìtorí rẹ̀ yọ ìràwọ̀ kan. Tẹ́lẹ̀, omi tí wọ́n pò kó ki ni wọ́n ń lò, ìwọ̀nba rẹ̀ sì lè gbé yanrìn ńláńlá. Èyí tí wọ́n ń lò báyìí ń ṣàn gere, kò lè gbé yanrìn àfi kó kúnná, kí omi náà sì pọ̀ yanturu. Ìròyìn EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àyíká, ti 2016 sọ pé láàárín 2011 sí 2013, tí a bá to àwọn kànga Amẹ́ríkà láti kékeré sí ńlá, ti àárín lo nǹkan bíi 1.5 mílíọ̀nù gálọ́ọ̀nù. Kànga Permian (agbègbè epo tiwa yìí) tó lọ gbọọrọ ní máìlì méjì lábẹ́ ilẹ̀ lónìí lè gba 20 mílíọ̀nù. Nínú aṣálẹ̀ o! Lóòótọ́, wọ́n ti ń tún omi iyọ̀ tó ń bá epo jáde lò, ìyẹn sì dáa.

Yanrìn tó ń bá a wọlé ńkọ́? Wọ́n lè da 2,000 pọ́n-ùn sí ẹsẹ̀ bàtà kan ṣoṣo nínú gígùn kànga. Ẹ ṣírò rẹ̀ fún 10,000 ẹsẹ̀ bàtà: 10,000 tọ́ọ̀nù ni, bẹ́ẹ̀ tírélà kan kì í gbé ju nǹkan bíi 24 lọ. Ó lé ní 400 tírélà fún kànga kan. Ibẹ̀ lowó wà.

Ohun tó dáa jù lára ọjà yìí ni pé wọ́n ti ń tà á ní tútù. Tẹ́lẹ̀, gbígbẹ ni, afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ń fẹ́ ẹ jáde nínú tírélà, eruku á sì bo gbogbo wa. Eruku yẹn ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ìjọba ti kìlọ̀ nípa rẹ̀ láti 2012. Yanrìn tútù kì í fẹ́, inú àpótí irin ni wọ́n ń kó o sí, wọn ò sì ní láti fi gáàsì yan án mọ́. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ àpótí, a óò máa gbá a gbìn-gbìn kó tó jábọ́, àmọ́ mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn.

Ìràwọ̀ kejì bá ìdúró lọ. Ibi ìwayanrìn kan wà tí n kò ní dárúkọ, èèyàn lè sun oorun àsùnjí lórí ìlà kó tó kan án. Bẹ́líìtì Dune Express (ẹ̀rọ ló ń yí i, kò nílò tírélà) tó gùn ní máìlì 42 náà ti ń gbé yanrìn láti Kermit wọ New Mexico láti 2025, iṣẹ́ ọ̀nà jíjìn lápá ibẹ̀ ti ń dín kù.

Nítorí náà, ẹ̀yin àbúrò, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ bèèrè bóyá wọ́n ń sanwó ìdúró. Ẹnikẹ́ni tó bá sì fẹ́ ta tírélà tó ń fi afẹ́fẹ́ fẹ́ yanrìn fún yín ní ẹ̀dínwó, ẹ kí i, kẹ́ ẹ kọjá.