From Soup to Nuts (1928): kéèkì, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti obìnrin tí ṣẹ́rì ń sá fún

Ẹni tó bá ń wá fíìmù aláìlóhùn tí wọ́n ti ba àsè olówó jẹ́ kanlẹ̀, eléyìí ni kó kọ́kọ́ wò. Kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 18 lọ. Iléeṣẹ́ Hal Roach ló ṣe é ní Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ fíìmù MGM gbé e jáde ní oṣù kẹta ọdún 1928. Edgar Kennedy ló darí rẹ̀.

Mrs. Culpepper ṣẹ̀ṣẹ̀ di olówó, ó sì fẹ́ ṣe àsè tí àwọn èèyàn ńlá yóò fi gbà pé òun náà ti di ẹni ńlá. Àwọn tí wọ́n rán wá láti máa gbé oúnjẹ fún àlejò ni Stan Laurel àti Oliver Hardy, aláwàdà méjì tí wọ́n máa ń ṣeré pọ̀. Ó tán.

Anita Garvin tó ṣe Mrs. Culpepper ló gba fíìmù náà mọ́ wọn lọ́wọ́, lójú tèmi. Ṣẹ́rì kan, èso kékeré róbótó, wà nínú abọ́ èso rẹ̀. Ó ń fi ṣíbí lé e kiri. Bó bá ti fẹ́ bù ú, ṣẹ́rì á yọ̀ lọ. Bó ṣe ń tẹríba lé e, adé orí rẹ̀ ń já bọ́ sí i lójú. Ẹ má wo ọwọ́ rẹ̀ nìkan, ẹ wo ojú rẹ̀: ó ń gbìyànjú láti pa iyì mọ́ níbi tí iyì ò sí mọ́.

Àwàdà sàláàdì gba kí èèyàn ka àkọlé tó ń hàn láàárín àwòrán. Wọ́n ní kí Stan gbé sàláàdì wá “undressed”. Tí a bá sọ ọ́ nípa sàláàdì, ó túmọ̀ sí pé kí wọ́n má da ọbẹ̀ sí i. Tí a bá sọ ọ́ nípa èèyàn, ó túmọ̀ sí aláìwọṣọ. Stan bọ́ra, ó sì fi aṣọ abẹ́ nìkan gbé e wọlé. Ẹ ka àkọlé náà sókè fún àwọn ọmọdé àti ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á kàn rí ọkùnrin tó bọ́ ṣòkòtò.

Hardy ní tiẹ̀ gbé kéèkì ńlá, ó tẹ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì dojú bolẹ̀ sínú kéèkì. Ó tún ṣubú lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n àwọn yẹn ò dùn tó ti àkọ́kọ́.

Ẹ̀dà tí ẹ bá wò ló lè ba gbogbo èyí jẹ́. Láti January 1, 2024 ni ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ti kúrò lórí fíìmù náà ní Amẹ́ríkà, nítorí náà ẹnikẹ́ni lè gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwọ̀n 4 sí 3 ni àwòrán náà: ó yẹ kí dúdú wà lápá ọ̀tún àti òsì tẹlifíṣọ̀n òde òní. Bó bá kún ojú tẹlifíṣọ̀n, tí ojú àwọn òṣèré sì fẹ̀, wọ́n ti fà á. Ẹ yí i padà sí 4:3 nínú ètò tẹlifíṣọ̀n. Bí ojú wọn ò bá fẹ̀, a jẹ́ pé wọ́n ti gé òkè àti ìsàlẹ̀ àwòrán. Kò sí àtúnṣe fún ìyẹn, ẹ wá ẹ̀dà mìíràn: ilẹ̀ ni èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà, ìsàlẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n sì gé.

Bí gígùn rẹ̀ ò bá tó ìṣẹ́jú 15, wọ́n ti yọ nínú rẹ̀ tàbí kí wọ́n ti mú un sáré jù. Tí wọ́n bá fi ariwo ẹ̀rín tàbí agogo kún un, ẹ pa ohùn, kí ẹ fi orin dùùrù mìíràn sí i.

Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ wá ẹ̀dà gígùn A Chump at Oxford, fíìmù Laurel àti Hardy mìíràn, ti 1940. Wọ́n tún àsè yìí ṣe níbẹ̀ pẹ̀lú ohùn, Anita Garvin kan náà ló sì gbàlejò.