Àyẹ̀wò bakitéríà inú ẹ̀jẹ̀: ká fi ojú ṣọ́ ìgò ni, àbí ká fi ẹ̀rọ ṣọ́ ọ?

Méjèèjì bẹ̀rẹ̀ bákan náà: a ó fa ẹ̀jẹ̀ aláìsàn sínú ìgò tí omi oúnjẹ bakitéríà wà, a ó sì fi í pamọ́ síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ènìyàn.

Ní ti ojú, òṣìṣẹ́ á máa yẹ ìgò náà wò lójoojúmọ́, bóyá omi rẹ̀ ti dàrú tàbí ó ń yọ ìfófòó. Àwọn bakitéríà kan ń pọ̀ síi láìjẹ́ kí omi dàrú rárá, ìdí nìyẹn tó fi ní láti bu díẹ̀ sórí àwo tí oúnjẹ bakitéríà wà, kó lè rí i bóyá wọ́n á hù níbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ló ti ń bà mí lẹ́rù, torí gbogbo ìgbà tí a bá ṣí ìgò ni kòkòrò ìta lè kó wọ ọ́. Ó sábà ń gba ọjọ́ 7.

Ẹ̀rọ bíi BACTEC kì í ṣí ìgò. Bakitéríà ń tú afẹ́fẹ́ carbon dioxide jáde bó ṣe ń jẹun. Ẹ̀rọ ń yẹ̀ ẹ́ wò ní ìṣẹ́jú 10-10, tọ̀sán-tòru, á sì ké tó bá rí i. Ọjọ́ 5 sábà máa ń tó. Ó wọ́n o, ó sì ń fẹ́ iná tí kì í ṣẹ́jú. Síbẹ̀ òun ni mo yàn, torí ìdádúró wákàtí díẹ̀ lè gba ẹ̀mí ẹni tí àkóràn ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Àmọ́ kò lè dárúkọ bakitéríà náà fúnra rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ tí a fà kò bá sì tó, tàbí tí aláìsàn ti lo oògùn apakòkòrò ṣáájú, méjèèjì lè kùnà.