Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń ra géèmù àtijọ́: ayédèrú ni olùtajà yìí ń kó fún wa

Ẹ̀yin ará, pàápàá ẹ̀yin tí ìfẹ́ géèmù àròsọ sáyẹ́ǹsì ayé ìjọ́un tún ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí nínú yín, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Olùtajà kan wà tó ń ti ọjà orí ayélujára kan bọ́ sí òmíràn. Bí wọ́n bá ti lé e kúrò níbì kan, á tún fi orúkọ mìíràn yọjú níbòmíràn. Nítorí náà, orúkọ tó ń jẹ́ lónìí kò lè ṣe yín láǹfààní. Ìṣe rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, torí ìyẹn kì í yí padà. Ó ti lù mí ní jìbìtì, ó ti lu àwọn míì tí a jọ ń kó géèmù jọ, kò sì tíì sinmi.

Star Control II, tó jáde ní 1992, ni mo rà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni pé páálí ńlá rẹ̀ wà, fílọ́pì rẹ̀ pé, ìwé ìtọ́nisọ́nà rẹ̀ wà, àwòrán ìràwọ̀ rẹ̀ sì wà níbẹ̀ láìya. Ẹni tó bá mọ géèmù yìí á mọ̀ pé àwòrán yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Òun la fi ń mọ̀nà láàrin àwọn ìràwọ̀, géèmù náà a sì máa béèrè ohun tó jẹ́ pé ara rẹ̀ la ti ń wá ìdáhùn. Bí àwọn tó ṣe é ṣe ń dènà àdàkọ láyé ìgbà náà nìyẹn.

Nígbà tí ẹrù dé, mo tẹ́ àwòrán náà sórí tábìlì. Ìwé rẹ̀ fẹ́lẹ́. Dúdú ojú sánmà tó yẹ kó kún dẹ́dẹ́ ní ìlà funfun tín-ín-rín tó là á kọjá láti ọwọ́ òsì dé ọwọ́ ọ̀tún, irú èyí tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé inú ilé máa ń fà nígbà tí tàdáwà rẹ̀ bá ń tán lọ. Orúkọ àwọn ìràwọ̀ kéékèèké ti lẹ̀ mọ́ra wọn débi pé kò ṣeé kà. Mo fi omi tọ́ orí ìka, mo fi kan igun rẹ̀ kan, dúdú náà sì gbé mọ́ mi lọ́wọ́. Ìwé ìtọ́nisọ́nà ńkọ́? Fọ́tókọ́pì ni. Òjìji dúdú tó máa ń wà níbi tí ìwé ti ká kò nígbà tí wọ́n bá fi dà kọ wà láàrin gbogbo ojú ewé rẹ̀. Lébẹ́ẹ̀lì ara fílọ́pì, sísọ́ọ̀sì ni wọ́n fi gé e, etí rẹ̀ kò gún. Páálí nìkan ni ojúlówó nínú gbogbo rẹ̀.

Ohun kan wà tó dùn mí ju owó lọ. Géèmù yẹn gan-an, ọ̀fẹ́ ni. Fred Ford àti Paul Reiche III tó ṣe é ti fi kóòdù tí wọ́n fi kọ ẹ̀dà rẹ̀ ti 3DO, ẹ̀rọ géèmù kan láyé ìgbà náà, ta aráyé lọ́rẹ ní 2002. Inú rẹ̀ ni àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ti ṣe The Ur-Quan Masters, tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí kọ̀ǹpútà òde òní, tó sì ti wà lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2024 lórí Steam, ọjà géèmù orí ayélujára. Olùtajà yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń ta líǹkì rẹ̀ fún àwọn tí kò mọ̀, ó ń pè é ní ẹ̀dà àkànṣe. Kí àwọn èèyàn fi ọ̀pọ̀ ọdún tún nǹkan ṣe láìgba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí ẹnìkan wá jókòó síbì kan kó máa fi gbowó! Inú ń bí mi gidi.

Fláàṣì tó ń tà tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní gbogbo géèmù àròsọ sáyẹ́ǹsì tó lórúkọ, láti orí Elite ọdún 1984 dé orí Deus Ex ọdún 2000, ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan rà á, a sì jọ tú u wò. Beneath a Steel Sky wà níbẹ̀, èyí tí Revolution Software ti yọ̀ǹda lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2003 kí ó lè máa ṣiṣẹ́ lórí ScummVM, ètò tó ń mú géèmù àtijọ́ ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà òde òní. Marathon mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ilé iṣẹ́ Bungie wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni wọ́n láti 2005. Tyrian náà wà níbẹ̀, òun náà ti di ọ̀fẹ́ láti 2004. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù, àwọn tó ni wọ́n ṣì ń tà wọ́n, ẹrù olè ni. Ìwé kékeré kan tún wà nínú fláàṣì náà tó ní kí ẹ kọ́kọ́ pa ètò tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà yín lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì kí ẹ tó ṣí géèmù kankan. Ẹ jọ̀ọ́, kò sí géèmù DOS, ètò tí kọ̀ǹpútà ń lò kí Windows tó gbòde, tó nílò ìyẹn. Ẹni tó ní kí ẹ lé ọlọ́dẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà kí òun tó wọlé, ṣé àlejò rere nìyẹn?

Gbólóhùn tó fi máa ń mú èèyàn ni pé, "Ẹ ò lè rí i níbòmíràn mọ́." Fún ọ̀pọ̀ géèmù, irọ́ pátápátá ni. Ẹ wo System Shock 2. Ó jáde ní 1999, Looking Glass Studios tó wà lára àwọn tó ṣe é kógbá wọlé ní 2000, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ adójútòfò kan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àfi kéèyàn máa wá díìsì àlòkù kiri. Lẹ́yìn náà ni Night Dive Studios lọ bá wọn ṣe àdéhùn, géèmù náà sì padà sọ́jà ní 2013 lórí GOG, ọjà géèmù orí ayélujára bíi Steam. X-Wing ti 1993 àti TIE Fighter ti 1994 náà dé síbẹ̀ ní 2014. Kí ẹ tó dá olùtajà kankan lóhùn, ẹ kọ́kọ́ tẹ orúkọ géèmù náà sórí GOG àti Steam, kí ẹ wò ó bóyá ó wà níbẹ̀. Lórí GOG, ẹ lè gbé fáìlì rẹ̀ pamọ́ sọ́wọ́ ara yín, kí ẹ máa gbá a láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó jẹ́ ti DOS sì sábà máa ń bá DOSBox wá, ètò tó ń mú wọn ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà òde òní, ẹ ò ní máa wá ọ̀nà tí yóò fi ṣiṣẹ́. GOG ń dá owó padà láàrin ọjọ́ 30. Steam náà ń dá a padà láàrin ọjọ́ 14, bí ẹ kò bá tíì gbá a tó wákàtí 2. Èwo nínú àwọn tó ń ta páálí fún wa lábẹ́lẹ̀ ló máa ṣe bẹ́ẹ̀?

Lóòótọ́, àwọn kan wà tí kò tíì padà. Freelancer ti 2003 kò sí lórí ìkankan nínú méjèèjì, díìsì àlòkù la fi ń rí i. Irú ibẹ̀ gan-an ni oníjìbìtì yìí ti ń jẹun.

Bí ẹ bá ra díìsì lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò ṣí, èsì ti wà nílẹ̀: Windows yín ló fà á, ohun tí òun tà kò ní àbùkù. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tó fi ń wọ àwọn èèyàn létí. Púpọ̀ nínú díìsì ìparí àwọn ọdún 1990 sí àárín àwọn ọdún 2000 ló ní SafeDisc, ìdènà àdàkọ tí Windows 10 kò gbà láàyè mọ́. Àtúnṣe ààbò tí Microsoft gbé jáde ní September 2015 sì tì í pa lórí àwọn Windows tó ṣáájú rẹ̀. Torí náà ojúlówó díìsì lè kọ̀ láti ṣí. Ṣùgbọ́n a kì í fi Windows mọ ayédèrú, ojú la fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ yí ẹ̀yìn díìsì náà sókè, kí ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Èyí tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ jáde máa ń ní àwọ̀ fàdákà. Èyí tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà dà kọ sábà máa ń rí bí ewé, bí búlúù tàbí bí àlùkò díẹ̀. Ẹ tún wo òrùka tó yí ihò àárín ká, nọ́ńbà wẹ́wẹ́ máa ń wà lára rẹ̀. Láti 1994 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì IFPI, tó ń fi ilé iṣẹ́ tó tẹ díìsì hàn, sí i, nítorí náà ẹ má dẹ́bi fún díìsì 1993 torí pé kò ní in. Bí ojú ò bá dá yín lójú, ẹ ki díìsì náà bọ kọ̀ǹpútà, kí ẹ ṣí ImgBurn, ètò tó ń yẹ díìsì wò. Á kọ ọ́ síta fún yín bóyá CD-ROM tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ ni tàbí CD-R tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà dà kọ. CD-R kì í jáde nínú páálí géèmù tí ilé iṣẹ́ ńlá tà ní 1998, ẹ má jẹ́ kó fi ẹnu dídùn yí yín lérò padà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ sórí "wọn ò tíì ṣí i rí", torí ibẹ̀ ni owó ńlá ń bá lọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fi ọ̀rá dì páálí kò ṣòro rí, ẹnikẹ́ni lè rà á. Ohun tí ọ̀rá bá sì ti bò, ẹ ò lè yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ bá ya ọ̀rá náà kí ẹ lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, á ní ẹ ti bà á jẹ́, òun ò dá owó kankan padà. Ẹnìkan nínú wa ya ti Wing Commander III tó rà lọ́wọ́ rẹ̀. CD 4 ni géèmù yẹn. Ẹyọ kan ló bá nínú páálí náà, àlùkò sì ni ẹ̀yìn rẹ̀. Abala páálí tí wọ́n ká pọ̀ ni wọ́n fi dí ìyókù kí ó lè wúwo. Èrò tèmi ni pé kí ẹ má ra èyí tí wọ́n fi ọ̀rá dì lọ́wọ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí. Èyí tó ti ṣí, tí wọ́n lè tú gbogbo inú rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ wò ó, ló sàn, ìbáà tiẹ̀ ti gbó létí.

Ẹ má rò pé àwọn tí kò mọ̀ nìkan ni irú èyí ń mú. Ní 2022, àwọn olùkójọ géèmù páálí ńlá tú àṣírí ayédèrú tó ti ń káàkiri láàrin ara wọn, géèmù ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 tí owó wọn ga gan-an. Bí wọ́n ṣe tẹ lébẹ́ẹ̀lì wọn wà lára ohun tó tú àṣírí náà. Ògbógi ni wọ́n o, ó sì ṣẹlẹ̀ sí wọn. Torí náà, ẹ ní awò tó ń mú nǹkan tóbi lọ́wọ́. Àwòrán tí ilé ìtẹ̀wé tẹ̀ láyé ìgbà yẹn máa ń fi àmì tó-tò-tó hàn tó tò lẹ́sẹẹsẹ. Ti ẹ̀rọ inú ilé máa ń wọ́n káàkiri láìlétò.

Ohun tó tún yẹ ní mímọ̀ ni iye ohun tó yẹ kó wà nínú páálí géèmù kọ̀ọ̀kan, kó tó di pé ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàá-dúrà. Ilé iṣẹ́ géèmù Infocom, bí àpẹẹrẹ, fẹ́ràn láti máa kó nǹkan aláràbarà sínú páálí. Nínú The Hitchhiker's Guide to the Galaxy tí wọ́n gbé jáde ní 1984, awò ojú dúdú tí èèyàn ò lè ríran nínú rẹ̀ wà níbẹ̀, òwú inú àpò wà níbẹ̀, ọ̀rá kékeré òfìfo kan náà sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ní ọ̀wọ́ ọkọ̀ ojú òfurufú tó kéré ju ohun tí ojú lè rí ló wà nínú rẹ̀. Òfìfo ni ọ̀rá yẹn láti ilé iṣẹ́, ẹ má torí rẹ̀ bá olùtajà olóòótọ́ jà. Àmọ́ olùtajà tèmi yìí kọ "ó pé" sábẹ́ páálí tí kò ní awò, tí kò ní òwú, tí kò tiẹ̀ ní ọ̀rá náà.

Ó ń ta kóòdù Steam pẹ̀lú, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n ń tẹ̀ síbẹ̀ kí géèmù lè di tiwọn. Mi ò ní pẹ́ lórí èyí: ọ̀pọ̀ irú kóòdù olówó pọ́ọ́kú bẹ́ẹ̀, káàdì báńkì tí wọ́n jí ni wọ́n fi rà á, bí oníkáàdì bá sì ti pariwo, wọ́n lè yọ géèmù náà kúrò lọ́wọ́ yín.

Báyìí ni ẹ óò ṣe dá a mọ̀. Kíá ló máa ní kí ẹ kúrò lórí ọjà náà kí ẹ wá bá òun sọ̀rọ̀ níbòmíràn. Á ní kí ẹ fi PayPal sanwó bí ẹni ń fi owó ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí, torí pé ààbò olùrajà kò sí lórí irú owó bẹ́ẹ̀. Á ní ẹnìkan ti ń bọ̀ wá gbé e, kí ẹ tètè ṣe. Fọ́tò tó ń lò kì í ṣe tiẹ̀. Ẹ fi wá a lórí Google, ẹ óò rí i níbi tí ẹlòmíràn ti tà á tẹ́lẹ̀. Ẹ wá ní kó ya tuntun: ẹ̀yìn díìsì àti òrùka àárín rẹ̀, àwòrán ìràwọ̀ tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ pátá, kó sì fi bébà tó kọ orúkọ yín àti ọjọ́ òní sí tì í. Lọ́wọ́ mi, ó kọ́kọ́ ní fóònù òun bàjẹ́. Nígbà tí ẹlòmíràn nínú wa béèrè ohun kan náà, èébú ló fi dáhùn. Olùtajà olóòótọ́ kì í bínú sí irú ìbéèrè yìí, àwọn tó mọ iyì ọjà wọn tiẹ̀ máa ń ya ju iye tí ẹ béèrè lọ.

Ẹ̀yin tó ti mú, ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́ kí ẹ tó fi ẹjọ́ sùn níbi tí ẹ ti rà á, torí gbèdéke wà lórí gbogbo ọjà wọ̀nyí. Bí ó bá jẹ́ káàdì lẹ fi san, ẹ bá báńkì yín sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n gba owó náà padà. Ẹ má jẹ́ kí ó tàn yín pé kí ẹ kọ́kọ́ dá ẹrù padà kí òun tó san án. Ẹ fi ẹrù náà àti páálí tó fi ránṣẹ́ pa mọ́ títí ọjà náà fi máa sọ ohun tí ẹ óò ṣe, bí wọ́n bá sì ní kí ẹ dá a padà, ẹ fi í ránṣẹ́ lọ́nà tó ní nọ́ńbà tí a lè fi tọpa rẹ̀. Ẹni tó ń retí ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, kí ó ya fídíò nígbà tó bá ń ṣí i, láti orí tẹ́ẹ̀pù ìta dé ẹ̀yìn díìsì. Ẹni tó ra Wing Commander III yẹn ti gba owó rẹ̀ padà, irú fídíò bẹ́ẹ̀ ló gbà á sílẹ̀.