Owó àtijọ́ inú àpótí bàbá: ká tà á nílé ni, àbí ká fi í sí gbàǹjo?

Okun o, ẹ̀yin ará Kàbà, Ìsánlú àti Mopa. Tí ẹ bá rí ọ̀nìní, tọ́rọ́ àti ṣílè nísàlẹ̀ àpótí bàbá, ẹ lè tà á fún ẹni tó ń ra owó àtijọ́ kiri, ẹ sì lè fi ránṣẹ́ sí ilé gbàǹjo ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ti ẹni tó ń rà kiri yá. Owó á bọ́ sí yín lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ òun nìkan ló ń dá iye lé e, bí ẹni ń ra irin.

Ní gbàǹjo, ṣe ni àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ máa ń fi owó lé ara wọn. Ẹ sì lè sọ iye tí wọn ò gbọdọ̀ tà á kéré sí. Ilé gbàǹjo á yọ tiẹ̀ níbẹ̀, owó yín sì lè pẹ́. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọdún ara owó ti ń sọ̀rọ̀: fàdákà ni ṣílè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ti 1913 sí 1919, láti 1920 ni idẹ ti wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni àmì ẹ̀yẹ ológun: Burma Star, èyí tí wọ́n fún àwọn ológun wa tó jà ní Burma nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, kì í sábà ní orúkọ ẹni tó gbà á lára, torí náà ìwé iṣẹ́ ológun bàbá gbọ́dọ̀ bá a rìn. (Ẹ má fi eérú tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ o! Dídán yẹn ló ń lé olùrà sá.)

Ọ̀nìní oníhò tó ti ṣá, tó pọ̀ bí yanrìn? Èmi á tà á nílé. Fàdákà àti àmì ẹ̀yẹ ológun ni mo lè dúró dè.