Mo yọ káàdì Wi-Fi tó ń já lójoojúmọ́, mo fi Intel AX200 rọ́pò rẹ̀: àgbéyẹ̀wò láti Ìkòròdú

Ẹni tí kò bá ráàyè ka gbogbo rẹ̀, kó gbọ́ ìdájọ́ mi báyìí: káàdì yìí dáa, owó tí mo ná lé e lórí ò dùn mí, tí láptọ́ọ̀pù mi kejì bá sì tún dá irú àṣà yìí sílẹ̀, òun náà ni màá rà. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo láptọ́ọ̀pù ló lè gbà á, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá já ni ẹ̀bi wà lọ́rùn káàdì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ rà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ AX201, káàdì míì tó jọ ọ́. Ibẹ̀ lowó ti ń wọgbó.

Iṣẹ́ bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ni mò ń ṣe ní Sábó, n'Ìkòròdú níbí. Fọ́tókọ́pì, ìwé títẹ̀, sílíìpù NIN, èsì WAEC, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LASUSTECH tó máa ń sáré wọlé nígbà tí pọ́tà ilé ìwé wọn bá ku díẹ̀ kó tì. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan ni mo fi ń ṣe gbogbo iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ara rẹ̀ le, kíbọọ̀dù rẹ̀ dáa, bátìrì rẹ̀ ṣì ń gbé e. Wi-Fi rẹ̀ nìkan ló ń ya wèrè. Á mú, á já, á tún mú. Nígbà tó bá burú gan-an, àmì Wi-Fi á pòórá nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, àwòrán àgbáyé kékeré kan á dúró síbẹ̀, bí ẹni pé wọn ò tiẹ̀ fi káàdì kankan sínú ẹ̀rọ náà láti ilé iṣẹ́. Ìgbà tí oníbàárà bá sì ti sanwó tán, tó ku kí rìsíìtì jáde, ni ayé máa ń bà á jẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ á na ọrùn sí ojú kọ̀ǹpútà: "Àǹtí, ṣé wọ́n ti yọ owó yẹn ni?" Kí lẹ fẹ́ fi dá a lóhùn?

Lágbègbè wa, SIM inú router la máa ń kọ́kọ́ bú. Gbogbo ẹni tó bá yà sí ṣọ́ọ̀bù ló ní ilé iṣẹ́ tó fẹ́ kí n sá lọ bá. Ṣùgbọ́n fóònù mi ń wo fídíò lórí router kan náà láìdákẹ́. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Bí mo bá pààrọ̀ SIM títí di ọdún tó ń bọ̀, tí káàdì yẹn bá ṣì wà níbẹ̀, pàbó ni.

Àyẹ̀wò tó fi ojú ọ̀ràn hàn ò gba kọ́bọ̀. Ẹ ṣí Command Prompt, ojú dúdú tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, ẹ tẹ ipconfig, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Default Gateway sí. Nọ́ńbà router yín nìyẹn. Tèmi jẹ́ 192.168.1.1, tiyín lè jẹ́ 192.168.0.1 tàbí 192.168.8.1. Ẹ wá tẹ ping -t, kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà yẹn tẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó máa lọ. Mo ṣe é lórí láptọ́ọ̀pù tèmi, mo tún ṣe é lórí ti ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn méjèèjì lórí tábìlì kan. Ping yìí ò dé ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ SIM rárá. Àárín kọ̀ǹpútà àti router tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù ló ń lọ tó ń bọ̀, kódà bí dátà bá tán, ó yẹ kó máa dáhùn. Ti ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi ń dáhùn ní 2ms, 3ms (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ni ms kan), wọ́ọ́rọ́wọ́. Tèmi á dáhùn ní 4ms, á fò lọ sí 900ms, á kọ Request timed out ní ìlà bíi mélòó kan léraléra, lẹ́yìn náà á wá kọ General failure. Ọ̀rọ̀ kejì yẹn ló tú àṣírí. Request timed out lè wá láti ibikíbi, àmọ́ tí General failure bá jáde, Windows fúnra rẹ̀ ló ń sọ pé òun ò rí ọ̀nà tí òun máa gbà fi nǹkan ránṣẹ́.

Ká ní àwọn méjèèjì ló jọ ń já lẹ́ẹ̀kan náà ni, router ni ǹ bá dì mú. Ká sì ní àwọn méjèèjì ń rí router dáadáa, tó jẹ́ pé ping 8.8.8.8, ìyẹn sáfà Google lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni ò lọ, ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kan SIM.

Ohun míì tẹ́ ẹ lè wò nínú ipconfig yẹn náà ni àdírẹ́sì tí kọ̀ǹpútà gbà. Tó bá fi 169.254 bẹ̀rẹ̀, a jẹ́ pé kò rí router bá sọ̀rọ̀, òun ló fún ara rẹ̀ ní àdírẹ́sì.

Mi ò kàn dìde lọ ra káàdì. Mo kọ́kọ́ ṣe àwọn àtúnṣe ọ̀fẹ́. Nínú Device Manager, lábẹ́ Network adapters, mo tẹ orúkọ káàdì náà lẹ́ẹ̀mejì, mo lọ sí Power Management, mo mú àmì kúrò níwájú ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé kí kọ̀ǹpútà máa pa á láti fi ṣọ́ iná lò. Àwọn kọ̀ǹpútà kan ò ní ojú ewé yẹn o, ẹ má wá a títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo dá driver, ìyẹn ètò tí Windows fi ń bá káàdì sọ̀rọ̀, padà sí ti tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú Roll Back Driver, mo tún fi ti ojú òpó ilé iṣẹ́ tó ṣe láptọ́ọ̀pù náà sí i. Nígbà tí káàdì bá pòórá pátápátá, mo máa ń pa ẹ̀rọ, màá yọ ṣájà àti bátìrì, màá tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 30 kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè gbẹ. Á padà wá. Tí ẹ̀rọ bá tún ti móoru, á tún lọ.

Netsh wlan show wlanreport wúlò púpọ̀, mi ò sì mọ ìdí tí àwọn ẹnjiníà wa kì í fi í lò ó. Ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Á kó gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Wi-Fi yín láàárín ọjọ́ mẹ́ta jọ sí ojú ewé kan, tó fi mọ́ àkókò tó já àti ìdí tó fi já. Tèmi pupa bí àlùbọ́sà. Àmọ́ ohun tó parí àríyànjiyàn ni Ubuntu, ètò míì tí wọ́n lè fi tan kọ̀ǹpútà dípò Windows. Mo fi sórí fláàṣì, mo fi tan láptọ́ọ̀pù náà láìfi í sínú rẹ̀, mo tún ṣe ping. Níbi tí kò ti sí Windows, tí kò sí driver Windows, ó ṣì ń já. Káàdì fúnra rẹ̀ ló ti kú tán.

Kí n tó rí àyè lọ sí Ìkẹjà, mo ra dongle USB kan tí kò lórúkọ, ẹ̀rọ Wi-Fi kékeré tí wọ́n ń fi sí ihò USB, láti fi ti iṣẹ́ lẹ́yìn. Mo fi sí ihò USB, Windows ní CD ni! Irú dongle bẹ́ẹ̀ máa ń gbé driver rẹ̀ sínú ara, á sì kọ́kọ́ ṣe bíi dráífù CD títí ẹ ó fi fi driver yẹn sí i kó tó di Wi-Fi. Nígbà tó ṣiṣẹ́ tán, ó ń falẹ̀ tí mo bá fi sí ihò USB 3 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ háàdì dráífù. Èyí kì í ṣe àjẹ́. Láti 2012 ni Intel ti tẹ̀ ẹ́ jáde pé USB 3.0 máa ń pariwo mọ́ ìgbì 2.4 GHz, orí ìgbì yẹn nìkan sì ni dongle olówó pọ́ọ́kú ń sọ̀rọ̀. Mo fi wáyà USB kékeré fà á jìnnà sí i, ó dẹ̀. Ó ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi títí di òní fún ọjọ́ ìṣòro.

Ní Kọ̀ǹpútà Fílléèjì, lẹ́yìn gbogbo sún-kẹẹrẹ Mile 12 àti Kẹtú, mo béèrè AX200. Ọmọkùnrin tó ń tà á gbé AX201 fún mi. "Ọ̀kan náà ni, àǹtí mi. Èyí ló tiẹ̀ ga jù." Wọ́n jọra lóòótọ́: ìwọ̀n kan náà, ihò kan náà, Wi-Fi 6 ni àwọn méjèèjì. Àmọ́ AX200 jẹ́ káàdì tó pé fúnra rẹ̀, ó ń gba PCIe, ọ̀nà tí àwọn káàdì inú kọ̀ǹpútà ń gbà, bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, ó sì lè ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà oní-Intel àti oní-AMD. AX201 gbé apá kan iṣẹ́ rẹ̀ sínú ṣíìpù Intel tó wà lórí mọ́dábọ́ọ̀dù. Tí kọ̀ǹpútà yín ò bá ní apá yẹn, kò ní ṣe nǹkan kan. AX211 náà bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé ọmọkùnrin yẹn fẹ́ lù mí ní jìbìtì, mo rò pé òun náà ò mọ̀ ni. Mo ní kó fún mi ní 200, mo kà á lára sítíkà rẹ̀ kí n tó sanwó. Nígbà tí mo délé, mo tún wò ó nínú Device Manager, ní Details, níbi Hardware Ids: VEN_8086 ni Intel, DEV_2723 sì ni AX200. Ẹni tó bá rí nọ́ńbà míì, kó máa padà lọ.

Fífi sí i ò le, ọwọ́ tó ń gbọ̀n ni kò gbà. Ẹ pa ẹ̀rọ pátápátá, ẹ yọ bátìrì, ẹ tú ìdérí ìsàlẹ̀. Káàdì náà ò ju mìlímítà 22 ní ìbú àti 30 ní gígùn lọ, skúrù kan ṣoṣo ló dì í mú. Wáyà antenna méjì, dúdú àti funfun, ló wọ orí rẹ̀, ẹnu wọn ò sì ju orí ìṣáná lọ. Ẹ má fa wáyà. Ẹ fi èékánná gbé ẹnu rẹ̀ sókè tààrà. Láti fi wọ́n padà lẹ máa láàgùn: ẹ gbé ẹnu wáyà lé orí ihò gan-an, ẹ wò ó bóyá ó tẹ́jú, ẹ wá tẹ̀ ẹ́ títí tẹ́ ẹ máa fi gbọ́ "kó". Tí kò bá dún, kò tíì wọlé. Tẹ́ ẹ bá fipá tẹ̀ ẹ́ níbi tó ti wọ́, etí rẹ̀ á fọ́, antenna sì ti di wàhálà míì nìyẹn. Nígbà tí Windows bá wá dé tí kò mọ káàdì tuntun, ẹ fi wáyà USB so fóònù mọ́ ọn, ẹ tan USB tethering, kó fi wá driver fúnra rẹ̀.

Látìgbà yẹn, ping sí router ò kọjá 2ms tàbí 3ms, n kò sì tíì rí General failure mọ́. Ohun tí mo gbádùn jù ni 5 GHz, tí káàdì àtijọ́ ò ní. Ní Sábó, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ní router, gbogbo wọn ló kó ara wọn jọ sórí 2.4 GHz, níbi tó jẹ́ pé chánẹ́ẹ̀lì 1, 6 àti 11 nìkan ni kì í forí gbárí. 5 GHz láyè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í wọ ògiri dáadáa ṣá. Tí mo bá gbé láptọ́ọ̀pù lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ó máa ń padà sórí 2.4 fúnra rẹ̀. Bluetooth rẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́.

Ohun tí kò ṣe: kò jẹ́ kí dátà mi yára ju bí SIM ṣe ń gbé e wá lọ. Router mi kì í ṣe Wi-Fi 6, nítorí náà ìyára ńlá tí wọ́n kọ sára páálí, ojú ni mo fi ń wò ó. Windows 7 ò sì lè lò ó, Windows 10 oní 64-bit ló ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tí kò gbọ́dọ̀ rà á wà. Láptọ́ọ̀pù tó ti pẹ́ gan-an ń lo ihò mini PCIe tó tóbi ju èyí lọ, káàdì yìí ò ní wọ̀ ọ́. Àwọn HP àti Lenovo àtijọ́ kan ní orúkọ káàdì tí wọ́n gbà láyè nínú BIOS wọn, ìyẹn ètò tó kọ́kọ́ ń jí kọ̀ǹpútà. Tẹ́ ẹ bá fi òmíràn sí i, HP á kọ 104, Lenovo á kọ 1802, ẹ̀rọ ò sì ní tàn kọjá ibẹ̀. Ẹ wá nọ́ńbà láptọ́ọ̀pù yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó náwó. Àwọn pẹlẹbẹ tuntun míì sì wà tí wọ́n jó Wi-Fi wọn mọ́ mọ́dábọ́ọ̀dù, kò sí nǹkan tó ṣeé yọ níbẹ̀.

Fún irú àwọn wọ̀nyẹn, adapter USB sí LAN, tó ń jẹ́ kẹ́ ẹ fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ router, ni kẹ́ ẹ rà, pàápàá tí kọ̀ǹpútà yín kì í kúrò lórí tábìlì. Èyí tí mo fi sí kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì ń lo ṣíìpù Realtek RTL8153, Windows 10 mọ̀ ọ́n láìsí CD. Ẹ ra wáyà tí inú rẹ̀ jẹ́ kọ́pà gidi, ẹ má gba èyí tí wọ́n fi kọ́pà bo alumíníọ́mù lásán, torí tí wọ́n bá ká a lẹ́ẹ̀mélòó kan, á ti já nínú kẹ́ ẹ tó mọ̀.