Ìbotí fún atukọ̀ ẹja: ohun tí mo rí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta

Ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi ń fi ẹ́ńjìnnì tukọ̀ ẹja ní Orímẹ́dù, ní etí òkun Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí. Bí a bá jókòó tì wọ́n nínú ilé lónìí, a ní láti gbé ohùn sókè kí wọ́n tó gbọ́ wa, wọ́n sì máa ń sọ pé etí àwọn ń hó lóru bí ẹni pé ẹ́ńjìnnì kò tíì kú. Ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ wọn ló rí bẹ́ẹ̀, débi pé kò sí ẹni tí ó kà á sí àìsàn mọ́. Ọmọ wọn ọkùnrin, tí ó jẹ́ àbúrò fún mi, ni ó ń jókòó nídìí ẹ́ńjìnnì báyìí, òun ni mo sì ra ìbotí yìí fún. Bí igbá kékeré méjì ni ó rí, tí a fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan so pọ̀ gba àtàrí kọjá, irú èyí tí àwọn tí ń fi ẹ̀rọ la gẹdú máa ń dé.

Kí n tó sọ bóyá ó dára, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó wá dènà. Nínú etí lọ́hùn-ún ni àwọn irun tíntìntín kan wà tí ń gbé ìró lọ sí ọpọlọ. Ariwo tí ó pọ̀ tí ó sì pẹ́ máa ń pa wọ́n díẹ̀díẹ̀, èyí tí ó bá sì ti kú kì í hù mọ́. Ìró tí ó dún tín-ín-rín ni a kọ́kọ́ ń pàdánù, nítorí náà ẹni náà yóò máa gbọ́ pé ènìyàn ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò ní gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Àjọ NIOSH, tí ń ṣe ìwádìí lórí ààbò òṣìṣẹ́ fún ìjọba Amẹ́ríkà, fi dẹ̀síbẹ̀lì (òṣùwọ̀n bí ìró ṣe ga tó) 85 fún wákàtí 8 ṣe òdiwọ̀n ariwo tí òṣìṣẹ́ lè gbà lóòjọ́, bí ariwo bá sì ti fi dẹ̀síbẹ̀lì 3 lé, àkókò náà yóò di ìdajì. Nígbà tí mo gbé fóònù tí ń ka ariwo sún mọ́ etí àbúrò mi, tí ẹ́ńjìnnì náà, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin ogójì, ń sáré tó bó ṣe lè sá, dẹ̀síbẹ̀lì 97 ni ó kà. Mo mọ̀ pé fóònù kì í ṣe ẹ̀rọ ìwọ̀n gidi, ṣùgbọ́n bí a bá gbà á bẹ́ẹ̀, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré ni ìpín rẹ̀ lóòjọ́, nígbà tí àlọ nìkan ń gba wákàtí méjì.

27 ni wọ́n kọ sára páálí ìbotí náà, ìyẹn iye dẹ̀síbẹ̀lì tí ó lè dín kù nínú ariwo. Ẹ má ṣe yọ 27 kúrò nínú 97 kí ẹ sì máa yọ̀. Nínú ìwé ìtọ́sọ́nà rẹ̀ ti ọdún 1998, NIOSH ní kí a kọ́kọ́ dín ìdá kan nínú mẹ́rin kù lára iye tí ó wà lára páálí, nítorí pé bí a ṣe ń dé e níbi iṣẹ́ kò rí bí wọ́n ṣe dé e ní yàrá ìdánwò, a sì tún gbọ́dọ̀ yọ 7 bí ó bá jẹ́ òṣùwọ̀n tí ń ka ariwo bí etí ènìyàn ṣe ń gbọ́ ọ (dBA), irú èyí tí mo lò, ni a fi ka ariwo náà. Ohun tí ó kù kò ju 13 lọ, ariwo tí ó ń dé inú etí sì di nǹkan bí 84. Bín-ín-tín ni ó fi bọ́ sí abẹ́ ààlà. Bí ó bá dé e lé orí fìlà onírun, tàbí tí apá awò ojú gba abẹ́ tìmùtìmù rẹ̀ kọjá, bín-ín-tín náà ti lọ nìyẹn.

Ní ti lílò rẹ̀ lójú omi, ọ̀sẹ̀ kìíní le. Ooru mú un, òógùn kún inú igbá náà, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń pè é ní awakọ̀ òfuurufú. Ẹ̀rù tí ó bà á jù ni pé kò ní gbọ́ bí ẹni tí ó wà ní orí ọkọ̀ bá kígbe pé àwọ̀n elòmíràn wà níwájú. Ẹ̀rù yìí kì í ṣe àṣejù, nítorí pé àìgbọ́ ìkìlọ̀ lójú òkun lè pa ènìyàn kí àárẹ̀ etí tó dé. Ọwọ́ ni wọ́n wá ń jù síra wọn báyìí: ọwọ́ òkè, kí ó dẹwọ́ eré; ọwọ́ ẹ̀gbẹ́, kí ó yà. Nígbà tí wọ́n bá sì ti pa ẹ́ńjìnnì láti da àwọ̀n, ó ń sọ ọ́ sọ́rùn.

Iyọ̀ ni ọ̀tá rẹ̀. Kí oṣù kejì tó parí, tìmùtìmù rẹ̀ ti gan, ó sì ti là lápá kan, irin orí rẹ̀ sì ti dípẹtà. Ẹni tí ó tà á fún mi fi dá mi lójú pé omi òkun kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Nígbà tí mo padà lọ, ó ní òun kò tilẹ̀ ní tìmùtìmù pààrọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ wá èyí tí ó ní ọ̀já oníke, tí a sì lè pààrọ̀ tìmùtìmù rẹ̀, kí ẹ sì máa fi omi tútù tí kò níyọ̀ ṣan án ní gbogbo ìrọ̀lẹ́.

Àdéhùn àgbáyé lórí iṣẹ́ ẹja pípa, C188, tí ILO, àjọ àgbáyé tí ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́, ṣe ní ọdún 2007, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2017, bèèrè ìwé dókítà tí ó dárúkọ etí àti ojú apẹja. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí gígùn rẹ̀ tó mítà 24, tàbí èyí tí ó máa ń lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ lójú òkun, ni apá yẹn ń bá wí. Ọkọ̀ àbúrò mi kò sí níbẹ̀, owó àpò wa ni a fi ń ṣọ́ etí.

Mo tún sọ pé kí ẹ̀gbọ́n bàbá mi dé e wò. Wọ́n dé e fún ìgbà díẹ̀ nínú ilé, wọ́n sì yára ṣí i, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, híhó yẹn wá pọ̀ sí i."