Ilé yíyá pẹ̀lú ológbò n'Íbàdàn: èjẹ́ǹtì méjì tí mo lò àti ilé tí mo rí nígbẹ̀yìn

Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi wá ilé n'Íbàdàn yìí, kì í sì í ṣe ilé ńlá ni mò ń wá o, yàrá kan àti pálọ̀ ni, owó ń bẹ lọ́wọ́ mi, iṣẹ́ tíṣà tí mò ń ṣe náà ń bẹ, ohun kan ṣoṣo tó ń jẹ́ kí wọ́n dá mi padà lẹ́nu géètì ni Jẹ́jẹ́, ológbò mi. Ìdí tí mo fi jókòó kọ eléyìí nìyẹn, torí mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni mo lológbò nílùú yìí, ẹni tó bá sì ń wálé lọ́wọ́ báyìí, irú èjẹ́ǹtì tó bá bọ́ sí lọ́wọ́ ṣe kókó ju owó tó mú dání lọ. Méjì ni mo lò. Ìkíní jẹ owó mi, ìkejì ṣe é bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é.

Jẹ́jẹ́ ti lo ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ mi. Ọwọ́ màmá kan tó ń ta ẹ̀wà lọ́jà Bódìjà ni mo ti gbà á, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń ná Bódìjà á mọ̀ pé àwọn tó ń ta ẹ̀wà, gàrí àti ìrẹsì níbẹ̀ kì í fi ọ̀rọ̀ ológbò ṣeré, torí kí ilẹ̀ tó mọ́ eku á ti lu àpò jára wọn. Ìyá ẹ̀ bí mẹ́rin sáàárín àwọn àpò yẹn, òun ló kéré jù, ó dúdú kirikiri, ẹsẹ̀ iwájú ẹ̀ méjèèjì nìkan ló funfun. Bó ṣe ń rìn ni mo fi sọ ọ́ lórúkọ.

Ilé tá a ń gbé l'Órógùn, bàbá onílé kú, àwọn ọmọ wọn fẹ́ tà á, wọ́n fún gbogbo wa níwèé oṣù mẹ́fà. Mi ò bá wọn jà, ilé bàbá wọn ni.

Èjẹ́ǹtì àkọ́kọ́ tí wọ́n júwe fún mi, ọ́fíìsì ẹ̀ ò jìnnà sí Sángo, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. 5,000 ló gbà fún fọ́ọ̀mù, ilé kọ̀ọ̀kan tá a bá lọ wò 3,000 lọ́tọ̀, owó ọ̀kadà èmi àtòun náà èmi ni. Mo sọ fún un lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ ríra pé mo lológbò. Ó ní, "Àǹtí, ìyẹn ò le rárá, ẹ ṣáà gbé e sínú báàgì lálẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ń kó wọlé, tówó bá ti wọlé tán kí ni wọ́n fẹ́ ṣe?" Ọ̀rọ̀ yẹn ò bá mi lára mu látìgbà yẹn, àmọ́ ìwé oṣù mẹ́fà ti ń di oṣù mẹ́rin, mo bá gbà.

Ilé kẹta tá a wò, l'Ágbowó, ló bá mi lára mu. Mo san owó ilé, mo san owó èjẹ́ǹtì, mo wá lọ fi àlẹ́ẹ̀tì han màmá onílé lórí fóònù mi. Bí mo ṣe tan fóònù báyìí, ojú Jẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ yọ, fọ́tò ẹ̀ ló wà níwájú fóònù mi látọjọ́ pípẹ́. Màmá yẹn gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n tún gbé e jìnnà, wọ́n ní "ológbò ta nìyí?" Mi ò lè purọ́ fún wọn. Wọ́n ní nínú ilé tí àwọn ti bímọ márùn-ún, ológbò dúdú ò ní wọ ibẹ̀, kí n fún àwọn ní nọ́ńbà àkáǹtì mi. Wọ́n dá owó ilé padà lọ́jọ́ kejì láìyọ kọ́bọ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn títí dòní. Èjẹ́ǹtì ni ò dá tiẹ̀ padà. Ó ní òun ti ṣiṣẹ́ òun, èmi ni mo bà á jẹ́. 40,000 náírà. Ẹni tó kọ́ mi pé kí n parọ́ ló ní èmi ni mo bà á jẹ́ torí pé mi ò parọ́, ìyẹn ṣì ń dùn mí.

Lẹ́yìn ẹ̀ mo ń wá a fúnra mi. Ní Àkóbọ̀, bàbá kan ní ilé àdúrà nilé àwọn, ẹranko òru ò lè gbé níbẹ̀. L'Ológunẹrú, wọ́n ní tó bá jẹ́ ajá ni, káàbọ̀, ajá á bá àwọn ṣọ́lé, àmọ́ ológbò kẹ̀? L'Ápáta onílé gbà, àfi ọkùnrin kan tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn tó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó bi mí pé èló ni màá ta ológbò dúdú yẹn fóun. Mo mọ ohun tí wọ́n máa ń fi ṣe. Mi ò padà débẹ̀ mọ́.

Mo mọ ibi tí ẹ̀rù yìí ti wá, mi ò sì bú ẹnikẹ́ni. Ilé tí wọ́n ti ń sọ ọ́ lèmi náà dàgbà sí, tí ológbò bá ń ké lóru bí ìkókó, wọ́n á ní ká má yọjú o, àwọn ìyá ti jáde. Àmọ́ nígbà téèyàn bá ti sìn ín, á rí i pé abo tó ń wá akọ ló ń ké bẹ́ẹ̀, tàbí akọ méjì tó ń jà. Mo ti ní kí wọ́n tẹ Jẹ́jẹ́ lọ́dàá látìgbà tó ti wà ní nǹkan bí oṣù méje, kì í ké lóru, kì í sì í tọ̀ sára ògiri. Ojú ẹ̀ tó ń tàn nínú òkùnkùn ńkọ́? Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sójú ewúrẹ́ lálẹ́, bákan náà ló máa tàn, nǹkan kan wà lẹ́yìn ẹyinjú wọn tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà bíi dígí. Kò sẹ́ni tó ń lé ewúrẹ́ kúrò nílé torí ìyẹn.

Èyí tó tiẹ̀ ń ká mi lára jù ni pé gbogbo ilé tí wọ́n ti lé mi yẹn, eku ń bẹ níbẹ̀. Mo rí ọ̀tápíápíá lójú fèrèsé, mo rí gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń mú eku lábẹ́ àga. Ibà Lassa tá a ń gbọ́ lọ́dọọdún, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ nílùú Lassa ní Borno lọ́dún 1969, eku ló ń gbé e kiri, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ẹ̀ tó bá kan oúnjẹ lèèyàn fi ń kó o. Mi ò sọ pé ológbò loògùn ẹ̀ o, oúnjẹ tá a bá dé dáadáa loògùn ẹ̀. Àmọ́ àwọn àgbà ló kúkú sọ ọ́, bí ológìnní bá re àjò, ilé á di ilé èkúté.

Ọ̀gá àgbà nílé ìwé wa ló wá júwe màmá kan fún mi lápá Challenge. Wọn ò ní ọ́fíìsì, tábìlì kékeré kan àti àga méjì ni, níwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí kì í ṣe èló ni mo ní. Wọ́n ní, "Ìwọ àti ta ni yóò jọ máa gbébẹ̀?" Mo ní èmi àti ológbò mi. Mo ti ń retí kí wọ́n rẹ́rìn-ín tàbí kí wọ́n fajú ro, wọ́n kàn ṣí ìwé ẹsáìsì kan, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀: yàrá àti pálọ̀, tíṣà, ológbò 1. Wọ́n ní ṣé akọ ni àbí abo, ṣé ó ti gba abẹ́rẹ́, ṣé inú ilé ló ń ṣu àbí ìta. Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí látìgbà tí mo ti ń wálé.

Wọ́n wá gbé fóònù, wọ́n fi sórí sípíkà kí n lè máa gbọ́. "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ayálégbé kan wà níwájú mi, tíṣà ni, ìwà ẹ̀ dáa lójú mi, àmọ́ ó lológbò kan o, mo ní kí n tètè sọ." Márùn-ún ló kọ̀ lórí fóònù. Ẹnì kan tiẹ̀ já a mọ́ wọn létí. Wọ́n á ní "ó tán nìyẹn", wọ́n á pe ẹlòmíì. Láàárín wákàtí kan, ilé márùn-ún tí ǹ bá wọ ọ̀kadà lọ, tí ǹ bá sanwó wò, tí wọn ì bá lé mi, gbogbo ẹ̀ parí lórí àga télọ̀, wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ibi tí iṣẹ́ èjẹ́ǹtì wà gan-an nìyẹn lójú tèmi, kó sọ òtítọ́ nípa ẹ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ ẹ.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹfà ni Alhaja kan ní Fẹ́lẹ́lẹ́. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi wa ni pé, "Ṣé ó mọ eku pa?" Nígbà tá a débẹ̀, wọ́n ní Ànábì ti sọ ọ́ pé ológbò kì í ṣe ẹlẹ́gbin, ara àwọn tó ń rìn yí wa ká nínú ilé ni, ẹ̀rù ẹ̀ ò ba àwọn. Àmọ́ wọ́n ní àdéhùn mẹ́ta: kò gbọ́dọ̀ wọ kíṣìnnì àti stóò àwọn, kí n fi owó ara mi pààrọ̀ nẹ́ẹ̀tì fèrèsé, kí n sì fi káàdì abẹ́rẹ́ ẹ̀ han àwọn. Káàdì wà nínú báàgì mi. Ilé ìwòsàn ẹranko tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn ni mo ti ń gbà á fún un lọ́dọọdún, ti àrùn dìgbòlugi. Àwọn èèyàn máa ń rò pé ajá nìkan ló ní dìgbòlugi, ológbò lè ní in, tó bá sì ti hàn lára èèyàn kì í sábà ní àtúnṣe mọ́. Alhaja ka déètì ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n dá a padà fún mi, wọ́n ní kí n wá mú kọ́kọ́rọ́ lọ́jọ́ Sátidé.

Owó ẹ̀ rèé: ilé 450,000 lọ́dún, èjẹ́ǹtì 45,000, àgírímẹ́ǹtì 45,000, kọ́ṣọ̀n 50,000, gbogbo ẹ̀ 590,000. Nẹ́ẹ̀tì àti kápẹ́ńtà, 18,000 lọ́tọ̀. Nínú àgírímẹ́ǹtì, màmá èjẹ́ǹtì ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ológbò kan wà, àti pé tó bá ba nǹkan jẹ́, kọ́ṣọ̀n la máa fi tún un ṣe. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ tiyín náà, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ò tó.

Ilé yẹn ò pé o. Ọ̀nà ibẹ̀ burú, tójò bá rọ̀ ọ̀kadà ò ní débẹ̀. Omi kànga ń lọ sílẹ̀ tó bá di ìgbà ọyẹ́. Sílìn yàrá ti wú lápá kan. Màmá èjẹ́ǹtì náà, ẹ má pè wọ́n lẹ́yìn aago mẹ́fà, wọn ò ní gbé e, wọn kì í sì í fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àfi kẹ́ ẹ wá fúnra yín. Ti ìgbẹ́ Jẹ́jẹ́, lẹ́búlẹ́bú pákó tí mo ń kó lọ́dọ̀ àwọn onípákó ní Bódìjà ni mò ń dà sínú báfù pẹrẹsẹ kan, mò ń kó o dànù láàárọ̀ àti lálẹ́, kò rùn, Alhaja ò tíì sọ̀rọ̀ ẹ̀ rí.

Èjẹ́ǹtì Sángo, 1 nínú 5, torí pé ó mọ ilé. Màmá Challenge, 5 láìyọ nǹkan kan. Ilé fúnra ẹ̀, 4.

Lálẹ́ tá a kó dé, a gbọ́ eku nínú sílìn. Jẹ́jẹ́ jókòó sábẹ́ ibi tó wú yẹn, kò jẹun, etí ẹ̀ nìkan ló ń yí síbí ń yí sọ́hùn-ún. Ọjọ́ kẹrin, mo ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, eku ńlá kan wà nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Alhaja, kì í ṣe tèmi, ó tẹ́ ẹ síbẹ̀ gbọnrangandan. Mo sáré lọ kó o, mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ti rí i. Wọn ò sọ nǹkan kan, nírọ̀lẹ́ ọmọọmọ wọn gbé orí ẹja ṣáwá méjì wá nínú abọ́.

Lóṣù tó kọjá, mo délé láti ṣúkúù, mo bá kápẹ́ńtà lẹ́yìnkùlé. Stóò tí Alhaja ń kó èlùbọ́ sí, èyí tí wọ́n ní Jẹ́jẹ́ ò gbọ́dọ̀ wọ̀, ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ẹ̀ ló ń gé. Ihò kan ni, kò ga ju ìbú ọwọ́ méjì lọ, Alhaja dúró tì í, wọ́n ní kó fi sáńdípépà ra etí ẹ̀ dáadáa, kó má baà ha á lára.